Mo Mọ̀ Pé Àyà Ń Dun Bàbá, Mo Sì Dákẹ́

Mo mọ̀ pé àyà ń dun bàbá kan. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi, ó tún ṣojú mi, mo sì dákẹ́. Wọ́n ti kú báyìí. Ẹ̀bi ikú wọn ti wà lọ́rùn ẹlòmíì tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, èmi nìkan ni mo lè gbà á sílẹ̀, mi ò sì tíì la ẹnu mi. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi hàn, ẹ má fi nọ́ńbà mi hàn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kàwé níbí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì lójú ewé yìí, tí màá máa mi orí, tí màá ní ah, báwo lèèyàn ṣe lè ṣe báyìí... mi ò mọ̀ pé ọjọ́ tèmi ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn o. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Obìnrin ni mí, ọmọ Ṣakí, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí. Ìjọba ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Secretariat, mi ò ní sọ ọ́fíìsì wo. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. A jọ wà pẹ̀lú ẹnì kan nígbà kan, ó ti lọ, mi ò tìtorí ìyẹn wá. Bódìjà ni mò ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀ kan lẹ́yìn ilé ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn onílé ti lọ bá àwọn ọmọ wọn lókè òkun, ó wá ku èmi àti máígàdí nínú ọgbà ńlá yẹn, máígàdí náà kì í sì í sọ̀rọ̀. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí tí kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé, gbogbo Ọjọ́bọ̀, màá wọ máíkírà láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀, màá tún wọ òmíràn lọ sí Ring Road níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wa. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n máa ń so mí mọ́ ẹ̀rọ yẹn. Bí wọ́n bá tú mi sílẹ̀, ara mi á rí bí aṣọ tí wọ́n fún, màá wọkọ̀ padà sílé, màá ṣílẹ̀kùn, màá ní mo ti dé o... ta ni mò ń sọ fún? Kò sẹ́nì kankan.

Níbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn máa ń wá. Àwọn obìnrin ìjọ wa wá gbàdúrà fún mi, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn wá, àwọn nǹkan tí dókítà sì ní mi ò gbọdọ̀ jẹ. Nígbà tó yá, àìsàn náà ò lọ, kò sì pa mí, ó wá sú wọn. Mi ò bá wọn wí. Àìsàn tí kò lọ́jọ́ ìparí máa ń sú èèyàn. Àwọn tó ṣì ń pè mí, ọ̀rọ̀ kan náà ni: sinmi. Má gbé ìyẹn. Jókòó. Níbi iṣẹ́ wọ́n gba fáìlì lọ́wọ́ mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ní kí n fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ torí ìdúró á pọ̀ jù fún mi. Gbogbo ayé ní kí n jókòó, mo sì jókòó. Mo jókòó títí itan mi fi joro, títí ó fi jẹ́ pé àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa, tí kò gùn rárá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń dúró kí n tó gùn ún tán, àyà mi á máa lù kì-kì-kì bí ẹni pé ọkàn fẹ́ já bọ́. Mo rò pé kíndìnrín ló ń fa gbogbo rẹ̀. Mo rò pé bó ṣe máa rí títí nìyẹn.

Àfìgbà tí obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ibi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Físíò ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ tó ń ṣe, òun ló ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe lè máa lo ara wọn padà. Mo jù ú lọ dáadáa, àmọ́ Àǹtí Físíò ni gbogbo wa ń pè é. Ó jókòó tì wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣàlàyé ní Yorùbá tó yé mi. Ó ní gbogbo wa là ń bẹ̀rù kíndìnrín, a gbàgbé pé ọkàn ló ń ru ẹrù náà. Omi tí a ò tọ̀ dànù, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wà, ọkàn ló sì ń tì í kiri láti ìgbà tí a bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ títí a ó fi padà síbẹ̀. Ó ní ọkàn pẹ̀lú, iṣan ni, bí èèyàn bá ń jókòó lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ á máa dín kù ni. Ó gbé pẹ́dà kékeré kan wá, bíi ti kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà, ó gbé e síbi ẹsẹ̀ wa kí a máa wà á díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí a ò bá wá, ó ní ká máa rìn, ká fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, ká rìn débi tí a ṣì lè máa sọ̀rọ̀ láì mí hẹlẹhẹlẹ. Kò kàn ṣàdédé sọ ọ́ o. Ó gba àṣẹ lọ́dọ̀ dókítà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ó wọn BP wa, ó wá fún wa ní ìwé kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìlà mélòó kan ló wà níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá wú, tàbí tí o pa ọjọ́ ẹ̀rọ jẹ, má rìn. Bí àyà bá ń fún ọ, bí èémí bá ń gé, bí òòyì bá kọ́ ọ, dúró, jókòó, kí o sì sọ fún wa lọ́jọ́ náà gan-an, bó ti wù kó tètè lọ tó. Ó ní kí a fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Bàbá náà fọwọ́ sí i.

Bàbá tí mò ń wí yìí, àga wọn ló tẹ̀lé tèmi. Surveyor ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Kìṣí, mùsùlùmí, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bàbá Surveyor la máa ń pè wọ́n. Ó lé ní ọdún kan tí a ti jọ ń jókòó síbẹ̀, kò ju ẹ káàárọ̀ Bàbá, ẹ káàárọ̀ mà, ó parí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé pẹ́dà yẹn síwájú wọn, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Èmi tí mo fẹsẹ̀ wọn gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ògùn, kẹ̀kẹ́ ọmọdé lẹ wá gbé fún mi yìí?" Ẹ̀rín pa mí débi pé nọ́ọ̀sì sáré wá wò bóyá nǹkan ń ṣe mí. Wọn ò gbọ́ ẹ̀rín mi níbẹ̀ rí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa nìyẹn. Wọ́n bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo ní Ṣakí, wọ́n ní hẹn-ẹ́n, ará ilé kan náà ni wá, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọmọ Ṣakí. A wá rí i pé Bódìjà la jọ ń gbé, ilé wọn ò sì jìnnà sí tèmi rárá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín. Bàbá ń sọ fún mi pé nínú ilé, ọmọbìnrin wọn tí wọ́n jọ ń gbé kì í jẹ́ kí àwọn gbé búútà omi àlùwàlá fúnra àwọn. Ó fẹ́ràn wọn gan-an ni, ìfẹ́ náà ló wá di okùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Ìyàwó wọn ń ta ẹ̀wà lápò-lápò ní ọjà Bódìjà, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń jáde. Bí Bàbá bá ní àwọn fẹ́ nasẹ̀ díẹ̀, ọmọ á ní Daddy, ẹ jókòó, ara yín ò yá. Wọ́n ní ohun tó ń ba àwọn lẹ́rù ni pé orí àga pálọ̀ làwọn máa kú sí. Mo wá ní Bàbá, kí ló dé tí a ò jọ máa rìn? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, Bàbá á kí àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí, dípò kí wọ́n yà sílé, wọ́n á wá bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan tí kì í tíì ṣí nígbà yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi bẹ̀rẹ̀, ó di ogún, nígbà tó yá ó ń lọ sí ogójì. A máa ń gba àárín estate, níbi tí àwọn igi ńlá ṣì wà, a ó máa pàdé àwọn tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó ń fọn fèrè, àwọn lecturer tó ń sáré pẹ̀lú ajá wọn. Bàbá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀. Wọ́n á ní Ọmọ Ṣakí, wo ilé yẹn, ojú omi ni wọ́n kọ́ ọ sí, òjò á wá gba ọ̀nà rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan. Wọ́n á fẹsẹ̀ tọ́ka sí òkúta ààlà kan tí koríko ti bò, wọ́n á ní ojú àwọn ni wọ́n ṣe rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé Bódìjà, mi ò rí ọ̀kan rí nínú àwọn òkúta yẹn.

Ara wa sì yá o, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín. Lọ́jọ́ kan mo gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, mo dé òkè tán ni mo wá rántí pé mi ò dúró lọ́nà. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń sunkún, àwọn tó ń kọjá rò pé wọ́n fún mi ní query ni. BP mi wálẹ̀, nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Mò ń rí oorun sùn. Ti Bàbá náà rí bẹ́ẹ̀. Àǹtí Físíò ń fi àwa méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù, Bàbá á ṣẹ́jú sí mi, èmi á kọjú sí ògiri kí n má baà rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé a jọ ń rìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ mọ ẹnu èèyàn, obìnrin tí kò lọ́kọ, ọkọ ọlọ́kọ, àfẹ̀mọ́júmọ́... kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò? Ọlọ́run gbọ́, kò sí nǹkan kan láàárín wa. Bàbá ò di ọwọ́ mi mú rí àfi tí a bá fẹ́ sọdá títì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níwọ̀n ìgbà tí orúkọ mi ò sí níbí. Mo máa ń jí ṣáájú kí aago tó dún. Mo máa ń wẹ̀, mo máa ń fi pọ́dà sójú, torí ìrìn lásán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Ohun tó jẹ́ ni pé ẹnì kan wà láyé yìí tó máa mọ̀ bí mi ò bá jáde lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́kọ tí ẹ bímọ, ó lè má yé yín.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni. Òkè kan wà tí a máa ń gùn kí a tó yí padà, kò fi bẹ́ẹ̀ ga. A dé ìdajì rẹ̀, Bàbá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti dúró, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àyà, òógùn bò wọ́n nínú òtútù yẹn. Mo mú wọn jókòó sétí gọ́tà. Wọ́n ní ó dà bíi pé ẹnì kan fi ọ̀já gbá àyà àwọn, tó ń fún un, tó tún ń fún un sí i. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó tú wọn sílẹ̀. Mo yọ fóònù, mo ní ẹ jẹ́ kí n pe Àǹtí Físíò. Bàbá gbá ọwọ́ mi mú. Ẹ ò rí bí ojú wọn ṣe rí. Wọ́n ní, "Ọmọ Ṣakí, bí o bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí n lọ jókòó." Wọ́n ní òtútù ni, ọyẹ́ ni, àwọn á wọ súwẹ́tà lọ́la.

Mo dá fóònù padà sínú àpò. Ibi tí ẹjọ́ mi wà rèé. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ Bàbá nìkan ló pa mí lẹ́nu mọ́. Nǹkan kan sọ nínú mi pé bí wọ́n bá lọ jókòó, ta ni ìwọ á máa bá rìn? Mo gbọ́ ọ ketekete, bí ẹni pé wọ́n sọ ọ́ sí mi létí. Mo sì gba ọ̀rọ̀ náà. Mo ní òtútù ni. Mo ní àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n mọ ara wọn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Àǹtí Físíò ń yí ká pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ṣé àyà ò fún yín? Ṣé èémí ò gé? Bàbá ní rárá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní rárá, òótọ́ sì ni tèmi. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó fi bírò tọ́ka sí Bàbá, ó ní, "Mummy, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń jókòó, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń bá mi sọ ṣá?" Eré ló ń ṣe. Mo ní, "Àwọn wo? Ọ̀dọ́mọkùnrin mà ni wọ́n." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Bàbá ló rẹ́rìn-ín jù. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Ó bi mí o. Ó fẹnu ara rẹ̀ bi mí, mo fi yẹ̀yẹ́ dá a lóhùn.

A tún rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. A ò gun òkè yẹn mọ́, ibi tó tẹ́jú là ń gbà, mo dín ìrìn mi kù láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé torí tiwọn ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó tún mú wọn. Ẹsẹ̀ wọn náà ti wú, mo rí ojú ibi tí sálúbàtà ti ń wọ̀ wọ́n lára. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo ní Bàbá, bí ẹ ò bá sọ, èmi á sọ. Wọ́n wá ní ó dáa, tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn fúnra àwọn á sọ fún dókítà, kí n ṣáà má sọ ṣáájú àwọn, kí ọmọ àwọn má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo gbà. Nọ́ńbà ibi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà lórí fóònù mi. Wọ́n máa ń gbé e ní Saturday, wọ́n máa ń gbé e ní Sunday. Mo ṣí i wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Sunday yẹn, lẹ́yìn ìsìn. Mi ò tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, àga Bàbá ṣófo. Mo ní ọkọ̀ ló dá wọn dúró ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n so mí mọ́ ẹ̀rọ. Wákàtí kan, wákàtí méjì... mo bi nọ́ọ̀sì, ó ní kí n sinmi ná. Ìgbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀ tán, tí wọ́n ti di ojú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ló tó wá jókòó tì mí. Bàbá ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń múra àtiwá. Ọkàn ni, ó ní. Ẹ mọ bí ti mùsùlùmí ṣe rí, ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wo ẹnu ọ̀nà pé wọ́n á wọlé, wọ́n ti ń sin wọ́n lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì mo jí, mo wẹ̀, mo lọ dúró níwájú kẹ́míìsì yẹn. Mo dúró títí oníkẹ́míìsì fi wá ṣílẹ̀kùn, tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà. Mo ra paracetamol. Mo lọ sílé.

Èmi àti nọ́ọ̀sì méjì lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ìyàwó Bàbá fọwọ́ ara wọn gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á wo tìẹ sàn." Mo ní àmín, mo fi ṣíbí sínú ìrẹsì yẹn, mo sì gbé e sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ọmọ Bàbá wá sí ibi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ti rí ìwé Àǹtí Físíò nínú àpò jálámíà bàbá rẹ̀, ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí sì ti sọ fún un pé àwọn máa ń rí Bàbá tí wọ́n ń gun òkè lọ láàárọ̀, kò mẹ́nu kàn mí. Ó pariwo. Ó ní ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, aláìsàn, ẹ ní kó máa rìn nínú ọyẹ́, ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi. Àǹtí Físíò ò bá a jà. Ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ wá, ó ṣí i, rárá, rárá, rárá, gbogbo ìgbà tó bi Bàbá léèrè. Ó ní ká ní wọ́n sọ ni, ojú ẹsẹ̀ la máa dá ìrìn dúró tí dókítà á yẹ ọkàn wọn wò. Ọmọ náà ní irọ́ ni, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni. Àǹtí Físíò wá yíjú sí àwa tí a wà lórí ẹ̀rọ, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ jọ wà pẹ̀lú wọn, ṣé ẹnì kankan gbọ́ kí Bàbá sọ pé àyà ń dun àwọn? Ojú rẹ̀ ń bọ̀ láti àga dé àga. Kó tó kàn mí, mo di ojú mi, mo ṣe bí ẹni tó ti sùn. Ẹ̀jẹ̀ mi ń gba inú rọ́bà jáde, ó ń gba inú rọ́bà wọlé, mo sun oorun irọ́ títí gbogbo wọn fi jáde.

Wọ́n ní kí Àǹtí Físíò máa lọ sílé ná. Wọ́n kó gbogbo pẹ́dà sínú sítọ́ọ̀.

Kò pẹ́ sí i ni ọmọ Bàbá pè mí. Ó rí nọ́ńbà mi lórí fóònù bàbá rẹ̀, Ọmọ Ṣakí ni wọ́n fi pamọ́. Mo ti ń retí èébú. Kò bú mi. Ó ní Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó ti Daddy, ṣé wọn ò sọ nǹkan kan fún yín rárá? Ó ní lójoojúmọ́ lòun ń bi ara òun pé kí ni òun ò rí, òun tí òun ń ṣọ́ wọn bí ẹyin. Ó ń sunkún. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ètè mi. Mo ní rárá o, a kàn máa ń kí ara wa ni. Ó ní ẹ ṣé mà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o! Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ mi.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ohun tí ìyàwó Bàbá máa rò nípa obìnrin tó ń dúró de ọkọ wọn láàárọ̀. Ẹ̀rù pé ọmọ náà á ní èmi ni mo pa bàbá òun, ṣé mo sì lè bá a jiyàn? Ẹ̀rù pé wọ́n lè ní kí n wá ibòmíì lọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi. Èyí tó wá tóbi jù ni pé mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, pé mo fi ẹ̀mí èèyàn pa àìlẹ́nìkan mi rẹ́.

Mi ò rìn mọ́. Ó ti lé ní oṣù méjì. Mo ti tún ń dúró lórí àtẹ̀gùn, BP mi ti gòkè padà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé mo mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn ló pa Bàbá. Àìsàn ọkàn náà kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn án kíkankíkan, àwa la ò jẹ́ kí ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn gbọ́. Bóyá wọn ì bá yè, bóyá wọn ò ní yè, mi ò mọ̀, dókítà nìkan ló lè sọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ráyè gbìyànjú.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan sórí àga Bàbá. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, Agbówó ló ń gbé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Yunifásítì. Ìgbà kejì tó máa wà lórí ẹ̀rọ nìyẹn, ẹ̀rù ṣì wà lójú rẹ̀. Ó rọra bi mí pé, "Mummy, ṣé òótọ́ ni pé téèyàn bá ń ṣe exercise pẹ̀lú àìsàn yìí, á kú? Wọ́n ní bàbá kan ṣe é, ó kú." Ó ní òun fẹ́ràn ijó, òun wà nínú ẹgbẹ́ oníjó fellowship àwọn. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní kó bi dókítà. Ó ní ó dáa mà. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè sórí àga, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kò mira. Mo mọ ibi tí ìjókòó yẹn ń gbé e lọ. Mo ti dé ibẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ ṣe meeting. Ọ̀gá ibẹ̀, ọmọ Bàbá àti ìyàwó wọn, Àǹtí Físíò, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí wọ́n á fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó fún un ní ìwé àṣẹ. Ó ti fi text ránṣẹ́ sí gbogbo àwa tó ń kọ́, ó ní ẹni tó bá lè wá sọ ohun tó mọ̀, kó jọ̀ọ́ kó wá. Mo ti kà á tó ìgbà ogún. Mi ò tíì fèsì.

Ẹ bá mi rò ó. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá ọmọ Bàbá nílé kí n sọ fún un lóun nìkan, àbí kí n dúró kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn? Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ náà á mọ̀ pé bàbá òun mọ̀, pé òun ni wọ́n ń sá fún... ṣé ìyẹn ò ní dùn ún ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ? Ṣé ó dáa kó máa bínú sí ẹlòmíì títí ayé, tàbí kó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi? Ìyàwó wọn ńkọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ìrìn náà tí kò fi ní rí bí ohun tí kì í ṣe? Àbí kí n kàn kọ ọ́ sínú ìwé kí n má fi orúkọ sí i, bí mo ṣe ń kọ eléyìí? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, ó tọ́ sí mi, àmọ́ kó fi ìmọ̀ràn tì í. Mi ò ní ẹlòmíì tí mo lè fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí ǹ bá bi, Bàbá ni.